Ẹja Méjì Nínú Omi Kan: Ta Ni Ẹ̀bi Tọ́ Sí?

Ìwà jọ ìwà ní í jẹ́ ọ̀rẹ́ jọ ọ̀rẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí, ọ̀rọ̀ wọn sì tó gbé yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n kí ni a ó sọ nípa àwọn ẹ̀dá méjì tí ìwà wọn kò jọra, tí wọn kò sì yan ara wọn ní ọ̀rẹ́, tí ó jẹ́ pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni ó kó wọn pọ̀ sí ojú kan tí wọn kò lè kúrò? Bí ọ̀kan nínú wọn bá pa èkejì jẹ, orí ta ni kí ẹ̀bi dá lé? Ìbéèrè yìí lè dà bí ìbéèrè àwọn tí kò ní iṣẹ́ mìíràn láti ṣe ju kí wọ́n máa ronú lọ. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Inú kíláàsì àwọn ọmọ kékeré ni ó ti jáde, omi àti ẹja ni ó sì fà á.

Ní ìlú kan tí kò jìnnà sí odò Ọya, ní Ìpínlẹ̀ Kwara, olùkọ́bìnrin kan ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún ní ẹ̀kọ́ nípa àwọn ohun abẹ̀mí. Ó fẹ́ kí wọ́n fi ojú ara wọn rí bí ẹja ṣe ń mí àti bí ó ṣe ń jẹun, nítorí pé àwòrán inú ìwé kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ní kí onídígí kan ní ìlú náà lẹ dígí márùn-ún pọ̀ di àpótí. Gígùn rẹ̀ tó apá ènìyàn kan, ìbú rẹ̀ kò sì ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Àwọn ọmọ pọn omi kún un. Ọmọ apẹja kan gbé epìyà márùn-ún wá nínú agolo, kò sí èyí tí ó gùn ju ìka ọwọ́ àgbàlagbà lọ nínú wọn. Ọmọ mìíràn, tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ń sin ẹja, gbé àrọ̀ méjì wá. Àwọn wọ̀nyí gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, orí wọn sì fẹ̀ pẹrẹsẹ.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ohun gbogbo dára. Àwọn epìyà ń wẹ̀ ní òkè, ìpẹ́ wọn ń dán nínú oòrùn tí ó gba ojú fèrèsé wọlé. Àwọn àrọ̀ sùn sí ìsàlẹ̀ bí ìtì igi, wọn kò dá sí ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé oríṣi ẹja méjèèjì ń gbé pọ̀ ní àlàáfíà. Olùkọ́ fi báírò pupa sàmì sí i pé ó tọ̀nà.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ náà. Wọ́n ti ilẹ̀kùn kíláàsì, ó di ọjọ́ Ajé kí wọ́n tó ṣí i, kò sì sí ẹni tí ó rántí oúnjẹ. Nígbà tí wọn yóò fi dé, epìyà kan ṣoṣo ni ó kù. Ìrù rẹ̀ ti já, ó sì ń ya ẹnu gba afẹ́fẹ́ ní ojú omi. Àwọn àrọ̀ méjèèjì sùn sí ìsàlẹ̀ bí ìtì igi gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, ikùn wọn yọ.

Olùkọ́ rò pé ìbànújẹ́ àwọn ọmọ náà lè di ẹ̀kọ́. Ó bi wọ́n pé, “Ó dára, ẹ̀yin ọmọ, ta ni ó jẹ̀bi?” Ọmọ apẹja ni ó kọ́kọ́ na ọwọ́ sókè. Ó ní àrọ̀ ni, pé ìkà ni, olè sì ni. Ọmọ tí ó gbé àrọ̀ wá kò gbà. Ó ní ebi ni ó pa á, pé ebi kì í sì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹlòmíràn ní epìyà ni ó gọ̀, pé ì bá ti sá. “Kí ó sá lọ síbo?” ni àwọn tí ó jókòó lẹ́yìn fi dá a lóhùn, ni gbogbo wọn bá rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn èyí ni ọmọbìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ dìde. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, Àǹtí. Ẹni tí ó kó wọn síbẹ̀ ni.” Kíláàsì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Kò sí ọmọ tí kò mọ ẹni náà.

Ìdáhùn ọmọbìnrin yìí ni ó yẹ kí á tú wò, ṣùgbọ́n kí á tó dé ibẹ̀, ó tọ́ kí á gbọ́ ti àrọ̀. Kí ẹ̀dá kan tó lè jẹ̀bi, ó yẹ kí ó mọ ohun tí ó ń ṣe, kí ó sì lè ṣe òmíràn. Àrọ̀ kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì. Òru ni ó ń jẹ̀. Ojú rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n irùngbọ̀n mẹ́jọ ni Ẹlẹ́dàá fún un, ìwọ̀nyí ni ó sì fi ń tọ́ ohun gbogbo wò nínú òkùnkùn: kòkòrò omi, ewé jíjẹrà, ìgbín, ẹja kékeré. Ohun tí ẹnu rẹ̀ bá ti gbà ni oúnjẹ lójú rẹ̀. Ẹni tí ó bá pè é ní olè ń fi òfin mú un, òfin tí ẹnikẹ́ni kò kà sí i létí rí. Ti epìyà kò tilẹ̀ gba àríyànjiyàn. Ẹni tí a pa jẹ kọ́ ni a ń dá lẹ́bi pé kò lágbára tó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a máa ń gbọ́ irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn, pàápàá ní ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ ń gbé inú rẹ̀, nígbà tí àgbà ọmọ bá gba oúnjẹ lọ́wọ́ kékeré.

Ó wá ku ẹni tí ó kó wọn pọ̀. Ẹnìkan lè gbèjà rẹ̀ báyìí pé: ṣé kì í ṣe inú odò kan náà ni epìyà àti àrọ̀ ti wá? Ọdún wo ni wọ́n ti ń gbé odò Ọya pọ̀, tí àrọ̀ ń jẹ epìyà, tí epìyà kò sì tán? Bí kò bá sí ẹni tí ó jẹ̀bi nínú odò, báwo ni ẹ̀bi ṣe dé inú dígí?

Àwíjàre yìí lágbára, a kò sì gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Àrọ̀ inú odò kò sàn ju ti inú dígí lọ, epìyà inú odò kò sì gbọ́n jù ú. Ṣùgbọ́n odò ní etí tí koríko hù sí, ó ní gbòǹgbò igi, ó ní ibi tí omi ti mọ níwọ̀n tí ẹja ńlá kò lè dé. Nígbà tí òru bá lẹ́, tí àrọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí rìn, epìyà kékeré a wọ abẹ́ koríko. Òmíràn yóò bọ́, òmíràn kò ní bọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà wà. Nínú àpótí olùkọ́ yìí, igun mẹ́rin ni ó wà, àrọ̀ sì lè dé gbogbo wọn láàárín ìṣẹ́jú kan. Ohun tí ó yàtọ̀ nìyí. Àgbékalẹ̀ dígí ti gba ọ̀nà àsálà lọ́wọ́ epìyà, ẹni tí ó gbé dígí kalẹ̀ ni ó sì gbà á. Ìgbà tí ó gba ọ̀nà àsálà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ti gba ẹrù ààbò rẹ̀ rù, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ sin ẹja sínú dígí tilẹ̀ mọ èyí dáadáa. Ní ọdún 1850, onímọ̀ kẹ́míkà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Robert Warington, ròyìn bí òun ṣe fi ẹja wúrà méjì sínú omi pẹ̀lú ewéko, kí ewéko lè máa fún ẹja ní afẹ́fẹ́ tí yóò mí. Kò pẹ́ tí ewé tí ó jẹrà bẹ̀rẹ̀ sí ba omi jẹ́. Ó wá wá ìgbín omi sí i láti máa jẹ ìdọ̀tí náà, nígbà náà ni ohun gbogbo tó dọ́gba. Ọdún kẹta lẹ́yìn èyí, ní 1853, ni wọ́n ṣí ilé ẹja fún gbogbo ènìyàn ní ọgbà ẹranko Regent's Park ní ìlú náà. Ẹ wo iṣẹ́ tí ó wà nínú ẹja méjì péré. Ohun tí odò ń ṣe láìsí ẹni tí ó rán an, ọwọ́ ènìyàn ni yóò ṣe é nínú dígí, bí ọwọ́ náà bá sì simi fún ọjọ́ mẹ́ta, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì karùn-ún ni yóò ṣẹlẹ̀.

Kì í ṣe kíkéré àpótí nìkan ni ó sì ń gba ọ̀nà àsálà. Adágún Victoria, tí Uganda, Kẹ́ńyà àti Tansáníà jọ pín, tóbi dé ibi pé ẹni tí ó dúró ní etí kan kò lè rí etí kejì. Ní àwọn ọdún 1950 ni wọ́n kó ẹja ńlá kan láti inú omi mìíràn wá sínú rẹ̀, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní Nile perch, ẹja tí ó lè gùn ju ènìyàn lọ. Èrò wọn ni pé yóò jẹ àwọn ẹja kéékèèké tí kò níye lórí ní ọjà, yóò sì di ẹran ńlá. Ó sì rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí yóò fi di àwọn ọdún 1980, ẹja náà ti pọ̀ kọjá ààlà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀yà ẹja kéékèèké tí kò sí níbòmíràn ní ayé sì ti di àwátì. Àwọn onímọ̀ ní kì í ṣe ẹja náà nìkan ni ó fa á, pé ìdọ̀tí tí ó ń ṣàn wọ inú omi náà kó ipa tirẹ̀. Síbẹ̀, àwọn ẹja kéékèèké wọ̀nyẹn kò bá irú ọ̀tá bẹ́ẹ̀ pàdé rí láti ìgbà ìwáṣẹ̀, wọn kò mọ ibi tí wọn yóò sá sí. Ilé iṣẹ́ tí ń kó ẹran rẹ̀ lọ sí òkè òkun jèrè, àwọn apẹja rí owó. Bí a bá bi wọ́n léèrè ẹni tí ó jẹ̀bi, wọn yóò nawọ́ sí ẹja.

Wàyí o, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan sọ pé àtúnṣe ọ̀rọ̀ yìí rọrùn: kí oníkálukú máa bá irú tirẹ̀ gbé, kí epìyà wà pẹ̀lú epìyà, kí àrọ̀ wà pẹ̀lú àrọ̀. Òwe tí a fi bẹ̀rẹ̀ tilẹ̀ fẹ́ jọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ti sin àrọ̀ rí yóò rẹ́rìn-ín. Ọmọ ìyá kan náà ni àwọn àrọ̀ kéékèèké, ọjọ́ kan náà ni a pa wọ́n, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tí àwọn kan nínú wọn yóò sáré dàgbà ju àwọn yòókù lọ. Ṣútà ni àwọn ọlọ́sìn ẹja ń pè wọ́n. Bí ṣútà bá ti tóbi tó, àwọn àbúrò rẹ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí gbé mì. Ìdí nìyí tí ọlọ́sìn tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ fi ń ṣa wọ́n lóòrèkóòrè, tí ó ń ya ńlá sọ́tọ̀ kúrò lára kékeré. Ìyàtọ̀ ẹ̀yà kọ́ ni ó pa àwọn àbúrò wọ̀nyẹn. Agbára tí kò dọ́gba, ebi, àti ojú kan tí kò ní ibi àsálà ni ó pa wọ́n.

Ìgbà pẹ̀lú ń yí ìbágbé padà. Nínú àwọn ẹja tí wọ́n ń kó wá láti agbègbè odò Amazon fún ẹwà, ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní neon tetra, kò gùn ju ìka ọwọ́ ọmọdé lọ, ilà búlúù àti pupa sì ń tàn ní ara rẹ̀. Òmíràn ni angelfish, tí lẹbẹ rẹ̀ nà sókè àti sísàlẹ̀ bí aṣọ ìgbéyàwó. Bí a bá ra àwọn méjèèjì ní kékeré, wọn yóò máa wẹ̀ pọ̀ bí ọmọ ilé kan. Ẹni tí ó ni wọ́n yóò máa fi wọ́n han àlejò. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹnu angelfish á tó gba neon tetra, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, wọn a kà wọ́n, wọn kò ní pé. Ìwà angelfish kò yí padà rárá. Ẹnu rẹ̀ ni ó fẹ̀ sí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le jù lọ ni ibi tí kò ti sí ẹni tí ó bu ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹja wúrà tí wọ́n ti ń sìn ní ilẹ̀ Ṣáínà láti ayébáyé fẹ́ràn omi tútù, bí ìwọ̀n 18 sí 22 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹja kékeré kan sì wà tí wọ́n ń pè ní betta, ilẹ̀ Thailand ni ìdílé rẹ̀ ti wá, òun fẹ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, bí ìwọ̀n 24 sí 28. Àwọn ènìyàn máa ń kó wọn sínú abọ́ dígí kan náà nítorí pé àwọ̀ wọn bá ara mu. Bí omi náà bá tutù, betta yóò máa rẹ̀, lẹbẹ rẹ̀ yóò ká jọ, kò ní jẹun dáadáa. Bí ó bá gbóná, ara yóò máa ni ẹja wúrà, nítorí pé omi gbígbóná kì í gba afẹ́fẹ́ ọ́síjìn púpọ̀ mọ́ra. Ẹni tí ń wò wọ́n láti ìta kò ní rí ìjà. Kò ní rí ẹ̀jẹ̀, kò ní rí ìrù tí ó já. Yóò ní wọ́n ń gbé pọ̀ ní ìrọ̀rùn. Ọ̀kan nínú wọn ni ó ń san owó ìrọ̀rùn náà lójoojúmọ́, kò sì ní ohùn tí yóò fi sọ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí láàárín àrọ̀ àti epìyà, bí àrọ̀ tilẹ̀ yó tí kò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Jẹ́ kí á sọ pé omi àpótí náà bàjẹ́ díẹ̀, tí ọ́síjìn inú rẹ̀ dínkù. Àrọ̀ ní ohun èlò ìmí kan ní orí rẹ̀ tí ó fi lè gba afẹ́fẹ́ lókè omi. Ohun kan náà ni ó fi lè wọ́ kọjá lórí ilẹ̀ tútù láti ọ̀gọ̀dọ̀ kan sí òmíràn. Epìyà kò ní irú rẹ̀. Nínú omi kan náà, pẹ̀lú oúnjẹ kan náà, lábẹ́ olówó kan náà, ọ̀kan yóò wà láàyè, èkejì yóò kú. Olówó wọn lè búra pé òun kò ṣe ojúsàájú, ìbúra rẹ̀ yóò sì jẹ́ òótọ́. Ohun kan náà ni ó fún wọn. Kò bèèrè bóyá ohun kan náà tó àwọn méjèèjì. Olùkọ́ tí ó ní ogójì ọmọ níwájú rẹ̀, tí ó kọ ohun kan náà sí ojú pátákó fún ẹni tí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ àti ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, lè ronú sí èyí fún ìṣẹ́jú kan.

Ṣùgbọ́n kí á má baà rò pé gbogbo ẹni tí ó bá kó ẹja méjì pọ̀ ni ó jẹ̀bi bákan náà, ẹ jẹ́ kí á lọ sí ẹ̀bá ọ̀gọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́sìn ẹja. Epìyà a máa bímọ púpọ̀. Kì í pé oṣù mẹ́fà kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Nínú ẹ̀yà rẹ̀ kan tí wọ́n fi orúkọ odò Náìlì pè, abo a máa kó ẹyin sí ẹnu, a máa gbé wọn kiri bẹ́ẹ̀ títí wọn yóò fi pa, àwọn ọmọ á sì tún máa sá padà sí ẹnu ìyá wọn bí ewu bá dé. Kò sí ìyá tí ó ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ìfẹ́ ìyá yìí ń yọrí sí nínú ọ̀gọ̀dọ̀ ni pé ọmọ á kún ibẹ̀ ṣìnkìn, oúnjẹ kò ní tó, gbogbo wọn á sì dúró ní kékeré, àti ìyá àti ọmọ. Àwọn ọlọ́sìn a wá kó ìwọ̀nba àrọ̀ sí i láti máa dín àwọn ọmọ kù. Wọ́n á ṣọ́ra kí àrọ̀ náà má pọ̀ jù, kí ó má sì tóbi ju àwọn àgbà epìyà lọ, àwọn wọ̀nyí á sì dàgbà débi pé wọ́n á tó tà.

Ṣé ọlọ́sìn yìí jẹ̀bi ju olùkọ́ lọ ni, nítorí pé òun mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é? Àwọn kan yóò ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí pé ìmọ̀ ń fi kún ẹ̀bi. Èrò yìí kò bọ́ sí i tán. Ọlọ́sìn mọ ohun tí àrọ̀ jẹ́, ó wọn iye rẹ̀, ó ń lọ wò ó, kò sì pe ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú omi náà ní àlàáfíà. Bí a bá bi í léèrè, kò ní sọ pé àrọ̀ ni ó jẹ wọ́n. Yóò ní, “Èmi ni mo fi àrọ̀ jẹ wọ́n.” Ó gbé ẹrù rẹ̀ sórí ara rẹ̀. Olùkọ́ kò fẹ́ kí ẹja kankan kú, inú rẹ̀ dára, síbẹ̀ ó fi báírò pupa sàmì sí àlàáfíà tí kò yẹ̀ wò. Inú rere tí kò bèèrè ìbéèrè lè ṣe ohun tí ìkà kò ní ráyè ṣe.

Ẹnìkan yóò sì rẹ́rìn-ín níbí pé ẹja lásán ni gbogbo èyí, pé nígbà tí ó di ọ̀sán ọjọ́ Ajé náà, ẹja ni ó wà lórí ìrẹsì tí àwọn ọmọ kan nínú kíláàsì náà jẹ. Òótọ́ ni. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹja. Ẹni tí ó pa ẹja fún ọbẹ̀ mọ̀ pé òun pa á. Ohun tí a ń tú wò ni ti ẹni tí ó ti ẹ̀dá mọ́lé, tí ó gbàgbé rẹ̀, tí ó sì wá ń wá ọ̀daràn láàárín àwọn tí ó tì mọ́lé.

Kì í ṣe pé ìbágbé kò ṣeé ṣe o. Àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà, ahọ́n àti eyín pàápàá ń jà, wọn kò sì kó kúrò nínú ẹnu. Ẹja kan wà tí ó jẹ́ ọmọ gúúsù Nàìjíríà níbí, inú àwọn omi ṣíṣàn kéékèèké ni ó ń gbé, kribensis ni àwọn tí ń sin ẹja fún ẹwà ní gbogbo àgbáyé ń pè é. Abo rẹ̀ a máa ní ikùn pupa bí osùn. Ìsàlẹ̀ omi ni ilé rẹ̀, inú ihò ni ó sì ń yé sí. Tí ó bá ti yé, kò sí ẹja tí ó lè sún mọ́ ẹnu ihò náà kí ó má lé e. Síbẹ̀, àwọn tí ó mọ̀ ọ́n sìn a máa fi í sínú dígí kan pẹ̀lú àwọn tetra kéékèèké láti Amazon, tí kì bá má pàdé rẹ̀ láéláé bí kì í bá ṣe ọwọ́ ènìyàn, láìsí wàhálà púpọ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Wọ́n á fi ìkòkò amọ̀ fífọ́ dojú bolẹ̀ fún un ní ìsàlẹ̀, wọ́n á gbin ewéko sí àárín, wọ́n á wá fi òkè omi sílẹ̀ fún àwọn tetra. Omi àwọn méjèèjì jọra, ìwọ̀n ooru tí wọ́n fẹ́ súnmọ́ ara, ẹnu kribensis kò sì tó gbé tetra tí ó ti dàgbà mì. Wọn kò fẹ́ràn ara wọn. Olúkúlùkù ní ibi tí ó lè padà sí ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ pe èyí ní ìfẹ́ lè máa pè é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ètò ni, ẹni tí ó ṣe ètò náà kò sì lè lọ sùn kí ó gbàgbé.

Nígbà tí ọmọbìnrin yẹn ti sọ̀rọ̀ tán ní kíláàsì karùn-ún, olùkọ́ dúró fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó lè sọ ohunkóhun. Ó lè ní kí ọmọ náà jókòó, pé kò mọ ohun tí ó ń sọ. Ó lè ní ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí ni àwọn ń ṣe, kì í ṣe ẹjọ́. Ohun tí ó sọ ni pé, “Òótọ́ ni o sọ. Èmi ni mo kó wọn pọ̀, n kò sì bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀.” Ó ní kí wọ́n ṣí ìwé wọn sí ojú ewé ọjọ́ Ẹtì, kí wọ́n fa ilà sí ọ̀rọ̀ náà, “àlàáfíà,” kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé sí abẹ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ fi báírò pupa fagi lé àmì tí ó ti sàmì tẹ́lẹ̀, ìwé kan lẹ́yìn òmíràn.

Ọ̀rọ̀ náà dé yàrá àwọn olùkọ́. Bàbá kan tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì kò gbà pé ó ṣe dáadáa. Ó ní, “Ìyàwó wa, bí olùkọ́ bá ń jẹ́wọ́ ẹ̀bi níwájú ọmọ, lọ́la wọn yóò ní kí ó dọ̀bálẹ̀.” Àwọn mìíràn gbè é lẹ́sẹ̀. Olùkọ́bìnrin náà kúnlẹ̀ fún bàbá, ó ní, “Ẹ ṣeun, sà,” kò sì bá a jiyàn. Bóyá bàbá náà ní ìdí tirẹ̀. Ọ̀wọ̀ àgbà kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣeré, ọmọ tí ó bá sì kọ́ láti dá olùkọ́ lẹ́bi lè má mọ ibi tí yóò dúró. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin yẹn kúnlẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀, ó sì ní kí wọ́n má bínú. Bí a bá wá fi ẹ̀bi lé àrọ̀ lórí níwájú rẹ̀, irú ọ̀wọ̀ wo ni yóò kù ní inú rẹ̀ fún ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀?

Wọ́n dá àwọn àrọ̀ padà sí ọ̀gọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ tí ó gbé wọn wá, wọ́n sì fọ àpótí dígí náà. Ọmọ apẹja tún gbé epìyà mẹ́ta wá, ó fi okùn wọn gígùn èyí tí ó kù kí ó tó yan àwọn tí ó bá a dọ́gba. Wọ́n kọ orúkọ ọmọ méjì-méjì sára ògiri fún ìtọ́jú, ti ọjọ́ Àbámẹ́ta àti ti ọjọ́ Àìkú pẹ̀lú, wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ kíláàsì sọ́wọ́ ọlọ́dẹ. Ọmọbìnrin tí kì í sábà sọ̀rọ̀ ni ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ fífọ́ kan wá láti ilé ìyá rẹ̀, wọ́n dojú rẹ̀ dé sí igun kan nínú omi náà. Nígbà tí táàmù yóò fi parí, lẹbẹ ìrù epìyà àkọ́kọ́ ti hù padà, ó funfun díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ń jẹun dáadáa. Ṣùgbọ́n bí òjìji ọwọ́ ènìyàn bá ti bọ́ sórí omi, kí àwọn mẹ́ta yòókù tó mọ̀ rárá, ó ti wà nínú ìkòkò.